Ìjọba Ní Marlys Ò Ṣiṣẹ́ Rí

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún Marlys Buchholz láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ rí láyé ẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀tá ló sọ ọ́ o. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù dáadáa ló sọ ọ́ lórí fóònù, láti ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn àgbà. Marlys ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé màlúù wọlé ni. Ó ti fún wàrà ogójì màlúù kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàtà rọ́bà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìgbẹ́ màlúù wà lára bàtà náà, ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì fọ àwọn ife ẹ̀rọ ìfúnwàrà.

“Ìyáàfin Buchholz, mo ti wo àkọsílẹ̀ wa,” ọmọ náà ní. “Kò sí iṣẹ́ kankan lórúkọ yín. Ẹ ò ṣiṣẹ́ rí, mà.”

“Ta ni? Èmi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó lábẹ́ ọkọ yín. Ìdajì iye tó tọ́ sí i nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ pé.”

Marlys gbé ife sílẹ̀. Ìdajì! Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni, kò sì tíì gba owó tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an rí. Kí ọmọ náà tó mí, ọkàn Marlys ti dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín. Eyín iwájú méjì ti yọ lẹ́nu rẹ̀ lókè, láti ìgbà ìkórè àgbàdo ló sì ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu tí ẹ̀rín bá fẹ́ pa á. Ìgbéyàwó Kayla, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń bọ̀ lóṣù kẹfà. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri, ẹnu yẹn ni wọ́n á sì máa wò títí ayé.

“Ìgbà wo ni kí n máa retí ẹ̀?”

“Ó dìgbà tí ọkọ yín bá kọ́kọ́ béèrè tirẹ̀, mà. Kò tíì béèrè. Tí kò bá béèrè, ẹ̀yin náà ò lè rí nǹkan kan gbà lábẹ́ rẹ̀.”

“Ó lóun ń dúró di àádọ́rin ọdún, kí owó náà lè pọ̀. Ó ku ọdún méjì. Ṣé tèmi náà á máa pọ̀ sí i?”

“Rárá o, mà. Tirẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Tiyín ti dúró síbi tó wà.”

Marlys dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Bí àwọn èèyàn Wisconsin ní Amẹ́ríkà ṣe rí nìyẹn, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbá wọn létí. Ó wá gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ìgbẹ́ tó wà lára bàtà rẹ̀, ni ẹ̀rín bá gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ajá fi dìde lábẹ́ tábìlì tó jáde síta. Kò ṣiṣẹ́ rí! Ta ló wá fún màlúù láàárọ̀ yìí, iwin?

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí Marlys fẹ́ Duane, ọkùnrin tó ń bá wọn ṣe owó-orí ní kí wọ́n kọ gbogbo owó oko sórúkọ ọkọ. Ó ní kí ló dé tí ilé kan á fi máa san owó ìjọba lẹ́ẹ̀mejì? Kò sọ pé ẹni tí kò bá san án lórúkọ ara rẹ̀, ìjọba ò ní kà á sí òṣìṣẹ́. Gbogbo ìyàwó olóko tó wà lójú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, gbogbo wọn ló sì rò pé ọgbọ́n ni. Wọ́n tọ́jú sẹ́ǹtì, wọ́n sọ ìyàwó nù. Inú ń bí mi tí mo bá rántí.

Duane wọlé lọ́sàn-án pẹ̀lú ọwọ́ tó dúdú fún òróró katakata. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó ga, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò pọ̀. Ó jókòó sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

“Duane, ṣé mo ṣiṣẹ́ rí?”

“Ṣé o ti mutí ni?”

“Dá mi lóhùn.”

“O ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí.”

“Ìjọba ní irọ́ lò ń pa.” Marlys ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń sín ohùn ọmọ ọ́fíìsì náà jẹ. Duane ń jẹ búrẹ́dì, ó ń gbọ́, kò gbójú sókè.

“Àádọ́rin ni mo ní lọ́kàn,” ó ní. “Tí mo bá dúró, ìdajì tìẹ náà á tóbi. Ìdajì ohun ńlá sàn ju ìdajì ohun kékeré lọ. Ìṣirò ni.”

“Mo bi wọ́n. Wọ́n ní tèmi ò ní fi sẹ́ǹtì kan tóbi.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ìjọba.”

“Kí nìjọba mọ̀?”

“Èmi náà ń bi ara mi. Àwọn náà ló ní mi ò ṣiṣẹ́ rí.”

“Sùúrù, Marlys. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnìún.”

“Kìnìún! Kìnìún dà? Màlúù ni mò ń fún láti ọdún márùndínláàádọ́ta, orúkọ ẹ ló wà lára owó wàrà. Tí mo bá wá fún ti kìnìún tán, orúkọ ta ni wọ́n á kọ sí i?”

Duane fi búrẹ́dì nu àwo. “Ṣé nítorí eyín yẹn ni? Béèrè lọ́wọ́ mi. Ṣé mo fi nǹkan dù ẹ́ rí?”

Òótọ́ ni, kò fi nǹkan dù ú rí. Ibẹ̀ gan-an ló ń ta Marlys. “Béèrè,” ó ní. “Bàtà, mo béèrè. Òògùn orí fífọ́, mo béèrè. Owó tí mo fi ra ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ẹ, ọwọ́ ẹ náà ni mo ti béèrè ẹ̀, Duane! Àgbà ni mí. Ẹnu mi ni eyín wà, mo fẹ́ fowó mi ṣe é.”

Duane mu kọfí rẹ̀ tán. Ó wo yìnyín tó ń yọ́ lórí òrùlé ilé màlúù fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan. Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀.

“Ẹja tí mo pa wà nínú fìríìjì. Gordy ń bọ̀ lálẹ́,” ó ní, ó sì jáde.

Bev ló kọ́kọ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Opó ni, òdìkejì ọ̀nà ni ilé rẹ̀ wà, òun àti Marlys sì ti ń dín ẹja tí wọ́n ń fi rọ́pò ẹran lọ́jọ́ Ẹtì pọ̀ láti ìgbà tí irun wọn ṣì dúdú. Ó so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin pòtétò, Marlys ń po ìyẹ̀fun, ó tún ń ro ẹjọ́.

“Wò ó, ọkọ tèmi ò dúró ní tiẹ̀,” Bev ní. “Lyle ò dúró rárá. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta pé báyìí, ló bá sáré lọ gba tirẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ó ní owó ìjọba máa tó tán. Ó fi ra ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì péré ló fi wà á, ó kú. Nítorí pé ó tètè gbà á, bíńtín ni wọ́n ń fún un, bíńtín yẹn náà ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n wá gba ọkọ̀ nítorí gbèsè.”

“Kí ló wá kù fún ẹ?”

“Igi ìtukọ̀ rẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.”

Marlys bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ìyẹ̀fun bò ó dé imú. Bev rí i, òun náà ò lè dúró mọ́, ó di etí síńkì mú.

“Mo ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n Duane ò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ o,” Bev ní nígbà tó rí èémí. “Tó bá dúró títí, tó wá kú, gbogbo èyí tó ń gbà ló máa di tìẹ. Kì í ṣe ìdajì.”

“Kí n wá máa gbàdúrà kó tètè kú ni?”

“Kì í ṣe lónìí. Ẹja rẹ̀ la fẹ́ jẹ.”

Ibi tí ẹ̀rín ti ń pa wọ́n ni àwọn màlúù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àkókò ìfúnwàrà ìrọ̀lẹ́ ti tó, ọmú wọn ti kún. Duane dúró láàárín ọgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹrọ̀fọ̀.

“Marlys! Àwọn màlúù ń ké!”

Marlys ṣí fèrèsé. “Mo gbọ́. Ohùn wọn dùn.”

“Ṣé o ò ní wá ni?”

“Wá ṣe kí ni?”

“Iṣẹ́!”

“Duane, ìjọba ní mi ò ṣiṣẹ́ rí. Ṣé ọjọ́ ogbó ni o fẹ́ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀? Ṣé o fẹ́ sọ ìjọba di òpùrọ́?” Ó pa fèrèsé dé. Bev ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní tiẹ̀, ó ń fi épírọ́ọ̀nù nu omijé.

Bí Duane ṣe dá kojú ogójì màlúù nìyẹn. Ọwọ́ Marlys làwọn màlúù yẹn mọ̀. Èyí tó ń jẹ́ Pansy wo ojú Duane, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì ta á nípàá sínú kòtò ìgbẹ́. Gordy, àbúrò Duane, àpọ́n tí kì í pa oúnjẹ jẹ, dé lásìkò yẹn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó fọ̀ nítorí ọjọ́ Ẹtì. Kí ó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbé korobá lé e lọ́wọ́. Láti fèrèsé ilé ìdáná, àwọn obìnrin méjèèjì ń gbọ́ èébú, wọ́n ń gbọ́ irin tó ń dún, wọ́n ń gbọ́ Gordy tó ń bẹ màlúù.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin wọlé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n wẹ ọwọ́, wọ́n wẹ apá, síbẹ̀ òórùn wọn wọlé ṣáájú wọn. Ẹja díndín kún àwo ńlá, ó ń ta sí wọn nímú, pẹ̀lú pòtétò rírin tí wọ́n dín pẹlẹbẹ, tó ṣì ń hó lórí, kábéèjì rírẹ́, búrẹ́dì dúdú àti bíráńdì nínú ife. Gordy fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín.

Marlys pín oúnjẹ. Ó fún Bev ní odindi ẹja, ó fún Gordy ní odindi. Ó fún ara rẹ̀ ní odindi. Ó wá mú èyí tó kù, ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì gbọgbọgba, ó gbé ìdajì síwájú Duane.

Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé àyà.

Àbí ẹ ò mọ òfin ilé Buchholz? Ẹni tó dáná ló ń kọ́kọ́ mú fọ́ọ̀kì. Ìyá Duane ló fi lélẹ̀, Duane fúnra rẹ̀ ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ. Tí ẹni tó dáná kò bá tíì jẹ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ. Gbogbo wọn wá ń wo Marlys, Marlys ń wo òrùlé.

“Ìdajì nìyí,” Duane ní.

“Ìdajì ni. O lẹ́tọ̀ọ́ sí i lábẹ́ ìyàwó ẹ. Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè tirẹ̀, kò sì tíì béèrè. Ó lóun ń dúró.”

“Dúró de kí ni?”

“Kó pọ̀ sí i.”

Bev tẹ orí ba, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Gordy wo ẹja, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Marlys, jọ̀ọ́, ó ń tutù.”

“Sùúrù, Gordy. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnìún.”

“Mi ò bẹ kìnìún níṣẹ́! Mo ti fún màlúù mọ́kàndínlógún nírọ̀lẹ́ yìí, ọ̀kan tọ̀ sínú bàtà mi!” Ọwọ́ rẹ̀ yọ́ lọ síbi pòtétò. Marlys fi ṣíbí kàn án lórí ìka, kò tilẹ̀ wò ó. Gordy yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti ròyìn ọ̀rọ̀ owó náà fún un nílé màlúù. “Duane! Lọ gba owó yẹn! Kí lò ń ṣe? Wọ́n ní ó máa tó tán!”

“Ohun tí Lyle sọ náà nìyẹn,” Bev ní.

“Lyle kú pẹ̀lú ikùn tó yó!”

“Èmi ni mò ń fi ebi san án, Gordy,” Bev dá a lóhùn, ẹ̀rín kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Duane ń fi ìka yí ife rẹ̀ po. Ó wo ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí nígbà ayé rẹ̀.

“Gordy, o rántí ohun tí Màmá ń jẹ lẹ́yìn tí Bàbá kú?”

Gordy fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. “Súpù inú agolo.”

“Ìdajì agolo lọ́sàn-án, ìdajì lálẹ́. Tí a bá wá kí i, á ní òun ti jẹun. Èmi ni mo rí àwọn agolo yẹn nínú pàǹtírí.” Duane ò wo ẹnikẹ́ni. “Bàbá ti sáré gba tirẹ̀ kó lè fi ra katakata. Ohun tí wọ́n ń fún Màmá ò tó nǹkan kan. Mo ní tó bá jẹ́ èmi, màá dúró dópin. Tí mo bá ti kú, èyí tí Marlys máa gbà á tóbi. Kò ní jẹ ìdajì agolo.”

Ojú Marlys ti pọ́n, ó sì ṣòro láti mọ̀ bóyá inú ló ń bí i tàbí ẹkún ló fẹ́ sun.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“O ò béèrè.”

“Háà! Duane Buchholz!” Marlys lu tábìlì, àwọn ife fò. “Gbogbo ohun tí mo ní láyé ni mo béèrè lọ́wọ́ ẹ! Ohun kan ṣoṣo tí mi ò béèrè, òun lo wá tọ́jú pa mọ́!”

Bev kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gordy tẹ̀ lé e. Duane náà gbìyànjú láti fojú le, ẹnu rẹ̀ ń wárìrì.

“Wò ó,” Marlys ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. “O ṣeun. Ṣùgbọ́n àsè lo ń sè dè mí, Duane, di ọjọ́ tí oúnjẹ ò ní wọ̀ mí lọ́fun. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Èmi ò fẹ́ ère. Mo fẹ́ eyín. Mo fẹ́ fi jẹun níwájú ìwọ, kí ojú ẹ máa rí i.”

“Tí mo bá gbà á báyìí, èyí tí o máa gbà tí mo bá kú á kéré sí èyí tí mo fẹ́.”

“Mo mọ̀.”

“Mi ò ṣàwàdà, Marlys. Kò ní ṣeé yí padà mọ́ títí láé.”

“Mo ní mo mọ̀. Kò lè kéré bíi ti Màmá, o ti dúró ju Bàbá lọ. Tí kò bá sì tó, Bev á yá mi ní igi ìtukọ̀ ẹ̀.”

“Mi ò lè yá ẹ,” Bev ní. “Òun nìkan ni mo jogún.”

Ni Duane bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, ó mi tábìlì. “Ó dáa,” ó ní. “Màá pè wọ́n lọ́jọ́ Ajé.”

“Láàárọ̀?”

“Láàárọ̀.”

“Màá jókòó tì ẹ́. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ.”

“Ta ló máa wá fún màlúù?”

“Má wo ojú mi,” Gordy sọ kíá. “Marlys, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, jẹun!”

Marlys mú fọ́ọ̀kì. Ó gé ẹja lápá ibi tó gbẹ, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí eyín ṣì wà, ó rọra ń jẹ ẹ́, ó tilẹ̀ dijú. Kó tó gbé e mì, Gordy ti já ìrù ẹja tirẹ̀, Bev ti ki pòtétò bọ ẹnu. Ariwo ọ̀bẹ àti àwo gba ilé kan.

“Báwo ló ṣe rí?” Duane bi í.

“Ó ti tutù pátápátá,” Marlys ní, ẹ̀rín sì gbé e. Fọ́ọ̀kì wà ní ọwọ́ kan, búrẹ́dì wà ní ìkejì, kò sí ọwọ́ tó máa fi bo ẹnu. Láti ìgbà ìkórè, Duane ò tíì rí ibi tí eyín méjì yẹn ti yọ gbangba bẹ́ẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó. Ó wá fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó tẹ orí ba, ó ń fi ìka ńlá rẹ̀ tó dúdú fún òróró tí omi ò fọ̀ kúrò ṣa nǹkan lára ìdajì ẹja náà, ó ń to àwọn eegun tín-ín-rín sétí àwo. Nígbà tó parí, ó gbé ìdajì náà sínú àwo Marlys.

“Jẹ èyí náà,” ó ní. “Kò léegun mọ́.”